Orí Kẹfà: Ẹbí Ànàmọ́ ní Erékùṣù Kúbà

Èròǹgbà ẹ̀kọ́

Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

- wo ìtàkùn kan, kí ó sì fi àmì ara rẹ̀ sọ bóyá ẹbí ànàmọ́ ni tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀;
- dárúkọ díẹ̀ nínú ewéko ẹbí yìí tó ń hù fúnra rẹ̀ ní Kúbà, pẹ̀lú èyí tí ènìyàn ń gbìn;
- ṣàlàyé bí kòkòrò, ẹyẹ àti àfòpiná ṣe ń bá òdòdó wọn ṣiṣẹ́;
- sọ ìdí tí àgbẹ̀ tó gbin ànàmọ́ fi gbọ́dọ̀ mọ ìtàkùn tó wà nínú igbó tó yí oko rẹ̀ ká.

## 1. Erékùṣù náà àti ẹbí náà

Ní oṣù Kejìlá, ẹni tó bá ń rìnrìn àjò gba àárín Kúbà kọjá yóò rí òdòdó funfun tó bo ọgbà onígi, igi ẹ̀bá ọ̀nà àti òpó iná. Ìtàkùn aguinaldo blanco ló so ó. Nínú oko tí ọgbà náà yí ká, ìtàkùn mìíràn lè wà tó ń rá lórí ebè: boniato, ìyẹn ànàmọ́ tiwọn. Ọ̀kan ń bọ́ kòkòrò oyin, èkejì ń bọ́ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ẹbí kan náà ni àwọn méjèèjì.

Kúbà ni erékùṣù tó tóbi jù nínú òkun Karibíà. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 110,000 kìlómítà níbùú lóròó. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀ láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin, ilẹ̀ a gbẹ, ojú ọjọ́ a sì tutù díẹ̀. Ìgbà méjì yìí ló ń pinnu ohun tó pọ̀ nínú ìgbésí ayé àwọn ewéko tí orí yìí ń sọ, pàápàá jù lọ àkókò tí wọ́n ń tanná.

Ẹbí ànàmọ́ ni orúkọ tí a ó máa pe ẹbí ewéko tí àwọn onímọ̀ ń pè ní *Convolvulaceae*. Irú ewéko tó wà nínú rẹ̀ káàkiri ayé lé ní 1,600, ilẹ̀ olóoru sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé. Ìran ni àkójọ àwọn irú tó súnmọ́ ara wọn jù lọ nínú ẹbí kan. Ìran tó tóbi jù nínú ẹbí yìí ni *Ipomoea*. Ànàmọ́, tí àwọn kan ń pè ní ọ̀dùnkún tàbí kúkúńdùnkún, wà nínú ìran yìí. Àlùkèrésé tó ń lọ́ mọ́ igi nílẹ̀ Yorùbá wà níbẹ̀, gbọ́rọ̀ ayaba náà sì wà níbẹ̀.

## 2. Àmì tí a fi ń dá wọn mọ̀

Ìtàkùn pọ̀ nínú igbó. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ẹbí ànàmọ́. Ẹ̀wà ń lọ́, iṣu ń lọ́, ẹ̀gúsí ń rá. Òdòdó ni ẹ̀rí tó dájú jù.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ já òdòdó kan tí kò tíì là. Yóò rí i pé ó yí pọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ṣóńṣó lórí. Bí ó bá fi ọwọ́ tú u díẹ̀díẹ̀, yóò rí i pé ewé òdòdó márààrún ti lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo, tó rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò. Lára àrọ yìí, ìlà márùn-ún tó le díẹ̀ ju ibi yòókù lọ jáde láti àárín bí ìràwọ̀. Àwọn ìlà yìí ló máa ń hàn síta nígbà tí òdòdó ṣì wà ní yíyípọ̀; ibi tó rọ̀ láàárín wọn ni ó ká sínú. Ní ìdí òdòdó, ewé kéékèèké márùn-ún ló gbá a mú. Nínú rẹ̀, òpó márùn-ún ló ru ìyẹ̀fun òdòdó, ìyẹn ohun lẹ́búlẹ́bú tó gbọ́dọ̀ dé ara abo òdòdó kí èso tó lè so.

Àmì yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. Bí a bá ṣẹ́ ìtàkùn rẹ̀, oje funfun sábà máa ń sun jáde. Ìtàkùn tó ń lọ́ mọ́ nǹkan nínú ẹbí yìí, bí a bá wò ó láti òkè, ń yí lódì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Èso rẹ̀ jẹ́ àpò kékeré gbígbẹ, tí kóró mẹ́rin sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Èèpo kóró náà le tó bẹ́ẹ̀ tí omi kì í tètè wọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbìn ín fún ẹwà fi máa ń ha á lára kí wọ́n tó rì í.

Òdòdó ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í pẹ́. Ó ń là ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó sì ń rọ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ wo òdòdó aguinaldo dáadáa kò gbọ́dọ̀ sùn pẹ́.

## 3. Àwọn tó ń hù fúnra wọn

Ewéko ìgbẹ́ ni èyí tó ń hù, tó ń tanná, tó sì ń bí irú ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ènìyàn gbìn ín. Àwọn tó wà nínú ẹbí ànàmọ́ ní Kúbà pọ̀. Díẹ̀ nínú wọn ni a ó yẹ̀ wò, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kan ènìyàn jù ni a ó sì dúró lé lórí.

### 3.1 Aguinaldo blanco

Nínú ìwé àtijọ́, *Turbina corymbosa* ni orúkọ rẹ̀. *Ipomoea corymbosa* ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń pè é báyìí. Ní èdè Sípéènì, aguinaldo ni ẹ̀bùn ọdún Kérésìmesì; orúkọ yìí ni wọ́n fún ewéko náà nítorí pé àsìkò ọdún náà ni òdòdó rẹ̀ ń pọ̀.

Kò sí ẹlòmíràn tó mọ iyì rẹ̀ tó àwọn olóyin. Ewéko olóyin ni èyí tí oje dídùn òdòdó rẹ̀ pọ̀ tó láti mú kí oyin kún afárá. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òdòdó mìíràn ti dín kù, aguinaldo blanco ló ń gba ìpò iwájú ní Kúbà, oyin tó sì ń ti ara rẹ̀ wá mọ́ lójú, kò dúdú. Olóyin ibẹ̀ kì í jókòó sójú kan. Ó ń kó ilé oyin sínú ọkọ̀ lọ síbi tí òdòdó bá wà: ó ń gbé e lọ sí àgbègbè aguinaldo lápá ìparí ọdún, ó sì tún ń gbé e lọ sí etí òkun nígbà tí igi ẹ̀gbà bá ń tanná. Àwọn oyin tó ń kó lọ kó bọ̀ yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà: láti Florida ni wọ́n ti kó wọn wọ Kúbà, ní nǹkan bí ọdún 1764. Oyin kékeré kan tí kì í ta ènìyàn, *Melipona beecheii*, náà ń gbé ní erékùṣù náà, òun náà sì ní àwọn tó ń sìn ín.

Kóró ewéko yìí ní ìtàn tirẹ̀ ní Mẹ́síkò. Àwọn àwòrò Aztec ń lò ó láti fi ṣàyẹ̀wò, ololiuqui ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 1960, Albert Hofmann, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Switzerland, rí i pé irú kẹ́míkà tó ń da ọpọlọ rú, èyí tó súnmọ́ LSD, wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè kan kù: báwo ni ewéko yìí ṣe ní kẹ́míkà tí a mọ̀ mọ́ irú olu kan tó ń ba ọkà jẹ́? Ọdún 2011 ni ìdáhùn dé. Àwọn onímọ̀ ní Jámánì ṣàpèjúwe irú olu tíntìntín méjì, *Periglandula*, tó ń gbé ojú ewé ẹbí ànàmọ́; ọ̀kan ń gbé lára aguinaldo blanco, èkejì lára gbọ́rọ̀ ayaba. Olu náà ló ń ṣe kẹ́míkà ọ̀hún. Kóró yìí léwu. Akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò.

### 3.2 Ìtàkùn etí òkun

*Ipomoea pes-caprae*, tí àwọn ará Kúbà ń pè ní boniato ti etí òkun, ń rá gbọọrọ lórí yanrìn. Orí ewé rẹ̀ là sí méjì bíi pátákò ewúrẹ́, òdòdó rẹ̀ sì jẹ́ elésè àlùkò. Níbi oríkèé kọ̀ọ̀kan ni ó ti lè ta gbòǹgbò, nípa bẹ́ẹ̀ ó ń di yanrìn mú kí atẹ́gùn má kó o lọ. Iyọ̀ kì í pa á.

Irúgbìn rẹ̀ ń léfòó, omi òkun sì ń gbé e láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ láìpa ìwàláàyè inú rẹ̀. Èyí ni títú irúgbìn ká láti ọwọ́ omi. Nítorí rẹ̀ ni ẹni tó dúró ní etí òkun Badagry fi lè rí irú ewéko kan náà tó wà ní etí òkun Havana.

### 3.3 Òdòdó òru àti òdòdó ẹyẹ

Àwọ̀, òórùn àti àkókò tí òdòdó ń là kì í ṣe ọ̀ràn ẹwà lásán. Wọ́n ń sọ ẹni tí òdòdó náà ń retí. Agbéyẹ̀fun ni ẹ̀dá tó ń gbé ìyẹ̀fun láti òdòdó kan dé èkejì.

*Ipomoea alba* funfun, ó fẹ̀, ó sì ń ta sánsán. Ìrọ̀lẹ́ ni ó ń là, kíákíá tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá dúró tì í lè fi ojú rí i bó ṣe ń ṣí. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gùn gan-an. Oyin kò lè dé ìdí rẹ̀, àmọ́ àfòpiná ńlá tó ní ahọ́n gígùn lè dé ibẹ̀, òru sì ni àfòpiná ń jẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, iṣẹ́ ti parí, òdòdó a rọ.

*Ipomoea microdactyla* yan ọ̀nà mìíràn. Òdòdó rẹ̀ pupa fòò, ọ̀sán ni ó ń là, ẹyẹ kékeré tó ń fi ẹnu gígùn mu oje òdòdó ni ó sì ń retí. Zunzún ni wọ́n ń pe irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ní Kúbà. Erékùṣù yìí kan náà ni ilé zunzuncito, ẹyẹ tó kéré jù lọ láyé, tí gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí 6 lọ. Kúbà, Bahamas àti ìsàlẹ̀ Florida nìkan ni *Ipomoea microdactyla* ti ń hù. Ó ní gbòǹgbò ńlá lábẹ́ ilẹ̀ tó ń tọ́jú omi àti oúnjẹ pa mọ́, èyí tó jẹ́ kó lè tún rú bí ẹ̀ẹ̀rùn bá jó o lórí. Ní Florida, ilé kíkọ́ ti gba ilẹ̀ rẹ̀ débi pé ìjọba ti kà á mọ́ ewéko tó lè parun.

### 3.4 Èyí tó sọ ewé nù

Àfòmọ́ ni ewéko tó ń gbé ara ewéko mìíràn, tó sì ń fa oúnjẹ lára rẹ̀. Ìran *Cuscuta* ni àfòmọ́ inú ẹbí ànàmọ́. Kò ní ewé tó ṣe é pè ní ewé. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ òféèfèé ni gbogbo ara rẹ̀, ó sì ń da ara rẹ̀ bo ewéko tó bá mú títí a kò fi ní rí èyí tó wà lábẹ́.

Bí irúgbìn rẹ̀ bá hù, ọjọ́ díẹ̀ ló ní láti fi wá ẹni tí yóò gbé e. Bí kò bá rí, ikú dé. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé òórùn ló fi ń wá a. Wọ́n gbé ọ̀dọ́ *Cuscuta* sítòsí òórùn tòmátò, láìsí tòmátò níbẹ̀, síbẹ̀ ó tẹ̀ sí apá ibi tí òórùn náà ti ń wá. Nígbà tó bá kan ewéko náà, ó ń lọ́ mọ́ ọn, ó ń ki ẹnu kéékèèké bọ inú ìtàkùn rẹ̀, gbòǹgbò tirẹ̀ nínú ilẹ̀ a sì kú.

## 4. Àwọn tí ènìyàn ń gbìn

### 4.1 Boniato

Ewéko àgbìn ni èyí tí ènìyàn ti yàn láti ìran dé ìran títí tí ara rẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti ìgbẹ́. *Ipomoea batatas* ni olórí wọn nínú ẹbí yìí.

Àwọn Taíno, onílẹ̀ Kúbà, ti ń gbìn ín kí Christopher Columbus tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1492. Láti ẹnu wọn ni ọ̀rọ̀ náà batata ti wọ èdè Sípéènì. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ òkun gbé e dé Yúróòpù, ó sì dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nítorí náà, àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà ní ọ̀rúndún 19, tí wọ́n ń pè ní Lukumí níbẹ̀, kì í ṣe àjèjì sí boniato tí wọ́n bá lórí àwo.

Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2018 fi hàn pé *Ipomoea trifida*, ìtàkùn ìgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ilẹ̀ olóoru, ni ó súnmọ́ ànàmọ́ jù. Gbòǹgbò ìtàkùn yẹn kì í wú di ohun jíjẹ. Ànàmọ́ ní krómósómù 90, ìyẹn ìdì mẹ́fà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹbí rẹ̀ inú ìgbẹ́ ní 30. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ kan rí ohun mìíràn nínú rẹ̀: apá kan nínú àbùdá bakitéríà *Agrobacterium* ti wọ inú àbùdá ànàmọ́ láti ayébáyé, ó sì wà nínú gbogbo 291 irú ànàmọ́ àgbìn tí wọ́n yẹ̀ wò.

Kì í ṣe irúgbìn ni àgbẹ̀ ń lò. Ìtàkùn ni ó ń gé, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, tí ó ń rì sórí ebè. Gbígbìn láti ara ni a ń pe èyí: ọmọ a jọ ìyá rẹ̀ pátápátá. Ìyẹ̀fun ànàmọ́ kan kì í sábà ṣiṣẹ́ lórí òdòdó ara rẹ̀, nítorí náà àwọn tó ń wá irú tuntun ló máa ń fi ọwọ́ gbé ìyẹ̀fun láti ara irú kan sí èkejì. Ní Kúbà, INIVIT, ilé ìwádìí tó wà ní Santo Domingo ní ìpínlẹ̀ Villa Clara, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan nínú irú tó ti ibẹ̀ jáde, CEMSA 78-354, ti tàn kálẹ̀ ní oko erékùṣù náà.

Èyí tí àwọn ará Kúbà fẹ́ràn ní èèpo pupa tàbí elésè àlùkò, inú rẹ̀ funfun, ó gbẹ díẹ̀, kò sì dùn tó ti aláwọ̀ ọsàn. Wọ́n ń sè é, wọ́n ń dín in, wọ́n ń fi sínú ọbẹ̀ ajiaco pẹ̀lú ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹran. Wọ́n tún ń gún un pọ̀ mọ́ ṣúgà di boniatillo. Lẹ́yìn ọdún 1991, nígbà tí ìrànwọ́ ilẹ̀ Soviet dáwọ́ dúró, tí epo àti oògùn oko di ọ̀wọ́n, boniato wà lára ohun tó gba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ ebi.

### 4.2 Èyí tó fò jáde nínú ọgbà

Àwọn kan wà láàárín ewéko ìgbẹ́ àti ewéko àgbìn. *Ipomoea quamoclit*, tí ewé rẹ̀ ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìyẹ́, tí òdòdó rẹ̀ sì pupa, ni ènìyàn gbìn fún ẹwà kó tó wọ igbó lọ. Ewéko asálọ́gbà ni irú bẹ́ẹ̀.

## 5. Tetuán: ọ̀tá tó mọ ẹbí náà dáadáa

Kòkòrò *Cylas formicarius*, tetuán lẹ́nu àgbẹ̀ Kúbà, gùn tó mìlímítà 6. Orí àti ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú tó ń dán sí búlúù, àyà àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ìrísí rẹ̀ sì jọ ti èèrà. Abo ń gbẹ́ ihò kékeré sára ìtàkùn tàbí ànàmọ́, ó ń yé ẹyin kan sínú rẹ̀, ó sì ń fi ìgbẹ́ ara rẹ̀ dí ojú ihò náà. Ìdin tó bá jáde a máa gbẹ́ ọ̀nà kiri nínú ànàmọ́. Ànàmọ́ náà a ṣe kẹ́míkà kíkorò láti fi gbèjà ara rẹ̀, kíkorò yìí sì tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ihò tó hàn síta kéré.

Tetuán kò lè wa ilẹ̀ jìnnà. Ojú ibi tí ilẹ̀ bá ti sán ni ó ń gbà wọlé, ìdí nìyẹn tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fi jẹ́ ìgbà ọṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí kò bá sí ànàmọ́ lóko, ó ń gbé lára àwọn *Ipomoea* ìgbẹ́ kan tó wà lẹ́bàá oko, títí àgbẹ̀ yóò fi tún gbìn.

Kúbà kọ́ láti bá a jà láìsí oògùn púpọ̀. Ìṣàkóso alápapọ̀ ni a ń pe ọ̀nà tó da oríṣiríṣi ìgbésẹ̀ pọ̀ dípò kí ó gbára lé ẹyọ kan:

1. Ìtàkùn tí kò ní kòkòrò ni a ń gé fún gbígbìn, a sì lè rì í sínú omi olu *Beauveria bassiana*, tó ń pa kòkòrò.
2. Ilẹ̀ ni a ń kó bo ìdí ebè, tí a sì ń bu omi rin, kí ó má bàa sán.
3. Pańpẹ́ tó ní òórùn abo tetuán ni a ń gbé kalẹ̀ láti fi mú akọ.
4. Ànàmọ́ ni a ń wà ní kété tó bá gbó, a kò sì ní fi àjẹkù rẹ̀ sílẹ̀ lóko.
5. Èèrà olórí ńlá, *Pheidole megacephala*, ni a ń kó wá láti jẹ ẹyin àti ìdin.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún yẹ fún àkíyèsí. Inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni èèrà náà ń pọ̀ sí. Àgbẹ̀ ń gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ká ewé rẹ̀, ó ń fi ohun dídùn sí i, ó ń fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ títí èèrà yóò fi kún inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ń gbé e lọ sí oko ànàmọ́. Bí oòrùn bá mú ìtì náà, èèrà a sá wọ inú ebè, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń tẹ̀dó sí. Áfíríkà ni orírun èèrà yìí. Nílẹ̀ Yorùbá, irú *Cylas* méjì mìíràn, *Cylas puncticollis* àti *Cylas brunneus*, ló ń ba ànàmọ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.

Ìṣòro kan wà tí àgbẹ̀ àti olóyin gbọ́dọ̀ jọ yanjú. Ẹni tó bá ṣán gbogbo ìtàkùn ẹbí ànàmọ́ tó yí oko rẹ̀ ká nítorí tetuán lè ṣán aguinaldo blanco mọ́ ọn, kí oyin ọdún Kérésìmesì sì dín kù. Ẹni tó bá mọ ìtàkùn kọ̀ọ̀kan lórúkọ nìkan ló lè yan èyí tí yóò gé àti èyí tí yóò dá sí.

## 6. Kókó orí yìí

- Òdòdó alárọ tó yí pọ̀ kó tó là, ìlà márùn-ún lára rẹ̀, àti oje funfun ni àmì pàtàkì ẹbí ànàmọ́.
- Aguinaldo blanco ń fún oyin lóúnjẹ; ìtàkùn etí òkun ń di yanrìn mú; *Cuscuta* jẹ́ àfòmọ́.
- Boniato ni olórí ewéko àgbìn ẹbí náà. Ìtàkùn ni a fi ń gbìn ín.
- Tetuán ń gbé lára ànàmọ́ àti lára ìbátan rẹ̀ inú ìgbẹ́.

## 7. Ìdánwò

1. Túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: àfòmọ́, agbéyẹ̀fun, ewéko asálọ́gbà, gbígbìn láti ara.
2. Kí ni ìdí tí oyin kò fi lè ṣiṣẹ́ lórí òdòdó *Ipomoea alba* bí àfòpiná ṣe ń ṣe é?
3. Ṣàlàyé bí irú ìtàkùn kan náà ṣe lè wà ní etí òkun Badagry àti ti Havana.
4. Àgbẹ̀ kan ní Villa Clara rí i pé ànàmọ́ rẹ̀ ń korò ní oṣù Kẹta. Sọ ohun tó ṣeé ṣe kó fà á, kí o sì dárúkọ ìgbésẹ̀ mẹ́ta tó lè gbé kí ó tó tún gbìn.
5. Iṣẹ́ ọwọ́: Ní agogo méje òwúrọ̀, já òdòdó ànàmọ́ tàbí àlùkèrésé kan tó ti là àti ọ̀kan tí kò tíì là. Ya àwòrán méjèèjì, kí o sì fi orúkọ sí apá kọ̀ọ̀kan. Padà síbẹ̀ ní agogo méjìlá ọ̀sán, kí o kọ ohun tó ti yí padà lára àwọn tó kù lórí ìtàkùn sílẹ̀.
6. Wá ìtàkùn mẹ́ta ní àyíká ilé ẹ̀kọ́ rẹ. Lo àmì inú ìpín 2 láti pinnu èyí tó jẹ́ ẹbí ànàmọ́, kí o sì sọ àmì tí o gbé ìpinnu rẹ lé.